Aago Tó Yẹ Jíǹsì àti Pọ́lò

Àbúrò mi, mo gbọ́ pé owó ti wọlé, o sì ń wá aago ọwọ́ olówó ńlá tí wàá máa fi jáde nínú jíǹsì àti pọ́lò. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣiṣẹ́ yẹ kó jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí o tó sanwó, bi ara rẹ léèrè: bí òjò bá ká mi mọ́ ọ̀nà, ṣé n óò bọ́ aago yìí sápò? Bí wàá bá bọ́ ọ, aago òde ìyàwó nìyẹn. Fi í sílẹ̀ de agbádá.

Iṣẹ́ ni wọ́n ṣe irú aago tó yẹ jíǹsì fún níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Rolex gbé Submariner jáde ní 1953, àwọn tó ń wọ abẹ́ òkun ló wà lọ́kàn wọn. Òrùka tó ń yí lójú rẹ̀, kí òmùwẹ̀ lè mọ ìṣẹ́jú tó ti lò lábẹ́ omi ni. Ní 1972 ni Audemars Piguet, ní Switzerland, sọ irin di nǹkan ọlọ́lá. Gérald Genta ló ya Royal Oak fún wọn: igun mẹ́jọ, síkúrù mẹ́jọ tó hàn gbangba lójú, ẹ̀wọ̀n irin tó bá ara aago lọ láìsí àlàfo. Irin ni o, síbẹ̀ owó rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ aago wúrà ìgbà náà lọ. Ní 1976, Nautilus tí Genta kan náà yà fún Patek Philippe jáde.

Bó bá jẹ́ aago àkọ́kọ́ rẹ nìyí, jọ̀ọ́, fi Royal Oak àti Nautilus sílẹ̀. Tí o bá na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé mọ́tò nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Èkó, kì í ṣe ìwọ nìkan ló ń wo aago náà. Ní Lọ́ńdọ̀nù pàápàá, jàgùdà ń já a gbà lọ́wọ́ èèyàn ní títì.

Ọ̀rọ̀ omi ni kí o kọ́kọ́ bi ẹni tó ń ta aago. Aago tí wọ́n kọ mítà 30 sí lára, omi ìfọwọ́ ni agbára rẹ̀ mọ. Ẹni tó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ kò gbọdọ̀ gba ohun tó kéré sí 100. Omega Speedmaster dé òṣùpá lọ́wọ́ Buzz Aldrin ní 1969, ó sì rẹwà, ṣùgbọ́n mítà 50 péré ni wọ́n kọ fún un. Òṣùpá kò kúkú ní odò. Wo kókó kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago náà, èyí tí a fi ń tún àsìkò ṣe: èyí tí a ń lọ́ dì bí ìdérí ìgò ni kí o mú. Mo ti rí aago iyebíye tí ìrì bo dígí rẹ̀ láti inú, nítorí pé olówó rẹ̀ kò lọ́ kókó náà dì kó tó bẹ́ sómi.

Ohun tó yẹni ló yẹni, okùn ọrùn kò yẹ adìẹ. Má wo fífẹ̀ ojú aago nìkan. Wọ̀n ọ́n láti ibi tí ẹ̀wọ̀n ti so mọ́ ọn lókè dé ìsàlẹ̀. Bí ó bá yọ kọjá ẹ̀gbẹ́ ọrùn ọwọ́ rẹ, ó ti tóbi jù, ìbáà jẹ́ pé wọ́n fi ta ọ́ lọ́rẹ. Tudor Black Bay Fifty-Eight ni n óò rà fún ọmọ tèmi: mílímítà 39 lójú, mítà 200 nínú omi. Hans Wilsdorf tó dá Rolex sílẹ̀ náà ló dá Tudor sílẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí àpò kò bá tíì gbe é, Tissot PRX wà níbẹ̀, mítà 100, kò sì sẹ́ni tó máa dá ọ dúró ní títì nítorí rẹ̀.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, má gbójú lé ìwé àti páálí. Ayédèrú náà ní páálí. Gbé e lọ bá ẹni tó ń tún aago ṣe, kó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ lójú rẹ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ. Ibẹ̀ náà ni kí o ti béèrè iye tí wọ́n ń gbà láti tú u palẹ̀, fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì fi epo tuntun sí i, nítorí bí ọdún márùn-ún márùn-ún ni ináwó yẹn máa ń padà wá. Tó o bá sì ti etíkun Tarkwa Bay dé, omi ẹ̀rọ ni kí o fi ṣan iyọ̀ kúrò lára ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kó tó gbẹ.