Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: ÒKÉTÉ TÓ Ń GBẸ́LẸ̀ L'Ẹ́YÌNKÙLÉ WA

Òkété ni ẹ̀kọ́ wa t'oṣù yìí dá lé lórí. Èyí tó wà láàyè là ń sọ o, kì í ṣe èyí tó ti ká'wọ́ lé'rí lórí àtẹ. Àwa tí ilé wa kángun sí igbó, sí etí odò, tàbí sí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ́ ní Gowon Estate àti agbègbè rẹ̀ mọ ohun tí à ń wí. Ẹ gbin ẹ̀gẹ́ s'ẹ́yìn ilé, òkété á wú u jẹ. Ẹ gbin àgbàdo, á hú hóró rẹ̀ kó tó yọ. T'ílẹ̀ bá mọ́, ẹ ó bá òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tuntun lẹ́bàá ògiri.

Ká má bú u jù ṣá. Ilẹ̀ oko àwọn Àwórì ni púpọ̀ nínú Alimosho kí ilé tó kún un. Ẹ̀sítéètì tiwa yìí, orúkọ Ọ̀gágun Yakubu Gowon tó ṣe olórí ìjọba láti 1966 títí dé 1975 ni wọ́n fi sọ ọ́. Òkété ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gba kọ́kọ́rọ́ ilé. Bí a ṣe ń ro igbó tó kù, bẹ́ẹ̀ ló ń sún mọ́ wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ẹran tó jẹ́, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ń dẹ tàkúté fún òkété nígbà tó jẹ́ pé eku ilé ló ń bá wọn jà. Òkété tóbi, ó lè wọn kílò kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrù rẹ̀ gùn, apá ìparí ìrù náà sì funfun. Òru ló máa ń jáde. Ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran, àmọ́ imú rẹ̀ kò ṣeé tàn. Ó ní àpò s'ẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ibẹ̀ ló ń kó èkùrọ́, ẹ̀pà àti àgbàdo sí, á wá gbé e lọ pa mọ́ sínú ihò. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè sá ẹ̀pà s'ílẹ̀ mọ́jú tí ẹ ò ní bá èèpo pàápàá. Oyún rẹ̀ kì í ju nǹkan bí oṣù kan lọ, ó sì lè bí ọmọ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Ihò rẹ̀ kì í sábà ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Ẹni tó bá dí ọ̀kan tó lọ sùn kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Bí òkété bá ti ń dà wá láàmú, májèlé ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Àwọn kan á da òtapíapíá tàbí Sniper mọ́ gàrí, wọ́n á gbé e s'ẹ́nu ihò. Ọmọ kékeré ò mọ gàrí òkété yàtọ̀ sí gàrí èèyàn. Adìyẹ ò mọ̀ ọ́n. Oògùn eku mìíràn sì wà tí kì í pa ẹran lójú ẹsẹ̀, ó máa ń tó ọjọ́ mélòó kan kí ẹ̀jẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya nínú rẹ̀. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, òkété náà á ti rìn jìnnà. Ẹnì kan á rí i níbi tó ti ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, á ní Ọlọ́run ṣe é, á rà á nínú iná, ó di ọjà. Ta ló máa tà á? Ọ̀kan nínú wa ni. Ta ló máa rà á? Oníbàárà wa ni. Kò sí bí a ṣe lè yan ẹran tó jẹ májèlé tàbí ká sè é tó, tó máa di ohun jíjẹ. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹran ìgbẹ́, ẹ bi ọlọ́dẹ yín bó ṣe rí ẹran. Èyí tí kò bá ní ojú ọgbẹ́ tàkúté tàbí ti ìbọn, tí wọ́n kàn ní àwọn bá a n'ílẹ̀, ẹ má fi owó yín rà á. Ní 2019, NAFDAC fi òfin de títa ìgò kékeré Sniper àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ l'ọ́jà gbangba. Ẹni tó bá ṣì ń tà á lábẹ́ àtẹ mọ ohun tó ń ṣe.

Oògùn oníhóró tí wọ́n ń fi sínú àpò ẹ̀wà, èyí tí wọ́n ń pè ní aluminium phosphide, burú ju èyí lọ. Tí ọ̀rinrin ilẹ̀ bá kàn án, afẹ́fẹ́ olóró ló ń di. Tí ẹ bá jù ú sínú ihò tó gba abẹ́ ilé kọjá, afẹ́fẹ́ náà lè gba ojú ibi tí ilẹ̀ ti sán wọlé bá àwọn tó sùn. Ẹ má dán an wò rárá. Mi ò sì fara mọ́ iná tí àwọn kan ń dá s'ẹ́nu ihò nígbà ọyẹ́. Igbó gbígbẹ ò mọ ààlà ilẹ̀.

Kí wá ni ṣíṣe? Oúnjẹ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà l'ọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kó èkùrọ́ àti pàǹtí ẹ̀yìn kúrò n'ílẹ̀, ẹ de garawa ìdọ̀tí, ẹ má fi èèpo iṣu sílẹ̀ mọ́jú. Ẹ ro igbó tó fara ti fẹ́ǹsì kó tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí mẹ́wàá, torí òkété ò fẹ́ràn àtimáa gba ojú ilẹ̀ tó mọ́ kọjá. Ìdọ̀tí bíríkì àti pákó àtijọ́ tí a kó jọ s'ẹ́yìn sokawéè, ilé ló jẹ́ fún un.

L'ẹ́yìn náà, ẹ wá ihò tó ń lò. L'ọ́wọ́ alẹ́, ẹ fi ewé àti iyẹ̀pẹ̀ fúyẹ́fúyẹ́ dí gbogbo ihò tí ẹ bá rí. Èyí tí ẹ bá bá ní ṣíṣí l'áàárọ̀ ni ojúlówó, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ dẹ tàkúté sí. Ẹyìn tàbí ẹ̀gẹ́ sísun dára fún ìjẹ. Ẹ so tàkúté mọ́ èèkàn, torí òkété lè wọ́ ọ lọ. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ dẹ ẹ́, kẹ́ ẹ sì ká a kúrò kí àwọn ọmọ tó jí. Ẹni tó bá ní owó, kó ra wáyà oníhò wẹ́wẹ́, kó rì í mọ́lẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì yí ibi tó dáko sí ká. Ìyẹn ló ń pẹ́ jù. Ẹ bá aládùúgbò sọ ọ́ kẹ́ ẹ jọ ṣe é l'ọ́sẹ̀ kan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kàn ń lé òkété lọ sí ilé Ìyá Sùnmọ́ ni, á tún padà wá.

Ẹ má fọwọ́ lásán gbá ẹran tàkúté mú. Ní 2003, wọ́n kó òkété àti àwọn ẹran mìíràn láti Ghana lọ tà ní Amẹ́ríkà. Àrùn mpox bá wọn lọ, ó ran àwọn ẹran agbẹ́lẹ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ kan tí wọ́n ń sìn nínú ilé, ó sì mú èèyàn 47. Ti ibà Lassa yàtọ̀. Ìlú Lassa ní Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní 1969, eku kékeré kan tó ní ọmú púpọ̀ ló sì ń gbé e kiri. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lórí gàrí tàbí ìrẹsì ló ń kó bá èèyàn. Ẹ gbé ọjà oúnjẹ sínú ike tó ní ìdérí. Ẹ da omi Jik sí ibi tí eku bá yàgbẹ́ sí kẹ́ ẹ tó nù ún, ẹ má gbá a ní gbígbẹ. Ibà tó bá ń gbóná tí oògùn ibà lásán kò mú kúrò, ẹ lọ sí ọsibítù kíá, tàbí ẹ pe NCDC lórí 6232. Ọ̀fẹ́ ni.

Ká tó gbàgbé, òkété náà ní ìwúlò o. Ní Tanzania, àjọ APOPO ń kọ́ ọ láti fi imú wá bọ́ǹbù inú ilẹ̀. Ọ̀kan tó ń jẹ́ Magawa ṣiṣẹ́ náà ní Cambodia, wọ́n sì fún un ní ẹ̀yẹ wúrà ní 2020.

Tí ihò bá wà lẹ́bàá ìpìlẹ̀ ilé, ẹ má da omi sí i láti lé e jáde, torí iyẹ̀pẹ̀ á máa wọ́ lọ lábẹ́ ògiri ni. Tí ẹ bá ti rí i dájú pé kò sí ẹran nínú rẹ̀ mọ́, ẹ kó òkúta sí i, ẹ kì í dáadáa, kí bíríkìlà wá fi sìmẹ́ńtì bò ó kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.