Kí Ogun Tó Dé, Kọ́ Ọmọ Rẹ ní Oríkì

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mi ò bá àgbà jiyàn, ṣùgbọ́n orúkọ tí ìyá fi ń pe ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ mìíràn.

Lẹ́yìn ogun Jálumi tí Ìbàdàn àti Ìlọrin jà ní 1878, ìlú Ọ̀fà gbè sẹ́yìn Ìbàdàn. Nítorí èyí, Karara, balógun Ìlọrin, kó ogun wá, ó dó ti ìlú náà. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní 1886 láti parí ogun Kírìjì kò kan Ọ̀fà. Nígbà tó di 1890, ìlú fọ́. Wọ́n pa àwọn ìjòyè, ará ìlú fọ́n ká. Ẹni tó sá kò rí iṣu gbé, ẹni tí wọ́n mú kò rí aṣọ mú, síbẹ̀ ta ló lè gba oríkì wọn, Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, lẹ́nu wọn?

Bákan náà, Viktor Frankl, dókítà Júù tí Násì kó lọ sí àgọ́ Auschwitz, kọ̀wé pé nínú ebi àti òtútù, ìrònú ìyàwó òun ló ń gbé òun ró. Obìnrin náà kú ní àgọ́ Bergen-Belsen.

Èyí tó yé mi jù ni ti Àjàyí Crowther. Ní 1821, ogun kó òun àti ìyá rẹ̀ ní Òṣoògùn, wọ́n sì yà wọ́n nípá. Ọmọdékùnrin náà fẹ́ fi ìgbànú ara rẹ̀ pokùn lóru. Àyà rẹ̀ kò gbà á. Ní 1846, ó rí ìyá rẹ̀ l'Abẹ́òkúta. Ìyá ń gbọ̀n, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fọhùn. Nígbà tí ohùn ìyá máa jáde, àwọn orúkọ tí ìyá àgbà Àjàyí ti fi ń kẹ́ ẹ nígbà èwe ló jáde.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa lónìí, Mọ́mì lorúkọ ìyá wọn, Dádì ni ti bàbá. Bí wọ́n bá sọnù lọ́jà, kí ni kí wọ́n wí? Kọ́ wọn ní orúkọ rẹ, agbo ilé rẹ àti nọ́ńbà fóònù kan. Ẹ fohùn ṣọ̀kan lórí ilé ẹbí kan tí gbogbo yín yóò forí lé bí ìlú bá dàrú. Ẹ̀yin tọkọtaya, bí ẹ bá ń jà, ẹ má torí ìjà dá oríkì ọmọ dúró láàárọ̀.

Ìyá àgbà tó mọ oríkì ilé ti ń darúgbó. Ẹ jẹ́ kó kì í sínú fóònù lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn odi.