Tẹlifíṣọ̀n Tó Bàjẹ́: Ẹ Ṣírò Owó Kí Ẹ Tó Gbé E Dé River Road

Ní ojú ìwé ọrọ̀ ajé wa lónìí, ẹ jẹ́ ká ṣírò owó tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tó kú sí pálọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń sọ ni pé, "Ẹ fi ránṣẹ́ sílé, wọn á tún un ṣe ní Alaba." Ni a ó bá gbé e lọ bá àwọn akẹ́rù ní River Road, Barking, a ó sanwó àyè nínú kọ̀ńténà. Ìṣirò yẹn kò pé rárá.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò nílé. Bí iná pupa kékeré iwájú rẹ̀ kò bá tàn, ẹ gbìyànjú sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn, kí ẹ sì fi fíúùsì tuntun irú ti tẹ́lẹ̀ sínú pulọ́ọ̀gì rẹ̀. Bí iná bá wà tí kò sì dáhùn, ẹ yọ wáyà rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ kọjú rìmóòtù sí kámẹ́rà iwájú fóònù yín, kí ẹ tẹ̀ ẹ́: bí iná bá ń ṣẹ́jú lójú fóònù, rìmóòtù kọ́ ló jẹ̀bi.

Bí ohùn bá ń jáde tí ojú rẹ̀ sì dúdú, ẹ pa iná pálọ̀, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i nítòsí. Bí ẹ bá rí àwòrán fírífírí, iná tó ń tàn án láti ẹ̀yìn ló kú, oníṣẹ́ sì lè tún un ṣe. (LCD àti LED nìyí, kì í ṣe OLED.) Bí gíláàsì bá ti là, ẹ má ná kọ́bọ̀ lé e, owó òmíràn sábà máa ń súnmọ́ owó tẹlifíṣọ̀n tuntun. Ẹ má sì ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ fúnra yín. Iná lè ṣẹ́kù sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà.

Kí ẹ tó pe oníṣẹ́, ẹ wá rìsíìtì. Lábẹ́ òfin Consumer Rights Act ti 2015, ẹ lè dá ọjà tó lábùkù padà gba owó láàárín ọjọ́ 30. Bí àbùkù bá hàn láàárín oṣù 6, ẹni tó tà á ni yóò fi hàn pé kò ní àbùkù nígbà tí ẹ rà á. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ni ẹ ó mú ẹ̀rí wá, ṣùgbọ́n ní England ẹ lè bèèrè títí di ọdún 6, bí wàrantì tilẹ̀ ti parí. Ọ̀pọ̀ ontàjà kò ní rán yín létí!

Ní tèmi, bí tuntun bá jẹ́ £300, tí àtúnṣe sì jẹ́ £90, mo máa tún un ṣe. Bí ó bá di £180, mo máa fi í sílẹ̀.

Nípa kọ̀ńténà, tẹlifíṣọ̀n tí kò ṣiṣẹ́ kì í ṣe ẹrù lójú òfin, pàǹtí ni. "Wọn á tún un ṣe nílé" kò yí i padà. Ní 2014, ilé ẹjọ́ ní ilẹ̀ yìí rán ọkùnrin kan lọ sẹ́wọ̀n oṣù 16 nítorí tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì tó bàjẹ́ tó ń kó lọ sí Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn. Láti January 2025, lábẹ́ àdéhùn Basel, irú pàǹtí bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò láìjẹ́ pé ìjọba ibi tó ń lọ ti fọwọ́ sí i.

Èyí tó ń ṣiṣẹ́ lè lọ sílé. Ẹ gba ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti dán an wò, ẹ dì í dáadáa, ẹ má sì gé wáyà rẹ̀. Èyí tó ti kú pátápátá, ilé ìtajà tí ẹ ti ń ra tuntun gbọ́dọ̀ ṣètò bí wọn yóò ṣe gbà á lọ́wọ́ yín lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó ń gbé ní Barking àti Dagenham tún lè gbé e lọ sí Frizlands Lane.