Ojú Olójú àti Kẹ̀kẹ́ Títáníọ̀mù Àlòkù

Àwọn àgbà ní a kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè, òwe náà kò sì ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni tó ti ná ọjà rí. Ohun tó mú un wúlò níbí ni ọ̀nà tí àwọn ọ̀dọ́ kan tó fẹ́ràn eré kẹ̀kẹ́ ní Adó-Èkìtì ń gbà ra kẹ̀kẹ́ títáníọ̀mù àlòkù. Wọn a rí àwòrán bíi mélòó kan lórí WhatsApp, wọn a fi owó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tó wà ní Lọ́ńdọ̀n, ẹ̀gbọ́n náà a sì lọ bá bàbá arúgbó kan tó kó irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ jọ sílé, a sanwó, a sì dì í pọ̀ mọ́ àwọn ẹrù mìíràn nínú kọ̀ntéńà tó ń bọ̀ ní Àpápá. Ẹ̀gbọ́n yìí lè má tíì gun kẹ̀kẹ́ láti ìgbà tó ti jáde ilé-ìwé girama, síbẹ̀ ojú rẹ̀ ni wọ́n fi rajà. Ìgbà tí ẹrù bá dé àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó tán, tí wọ́n fẹ́ sọ ìjókòó rẹ̀ kalẹ̀ kí ẹsẹ̀ olówó rẹ̀ lè tó pẹ́dà, ni wọ́n ń ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ìjókòó náà kò mì rárá.

Títáníọ̀mù jẹ́ irin aláwọ̀ eérú kan tí William Gregor kọ́kọ́ ṣàkíyèsí nínú yanrìn dúdú ní Cornwall, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1791, tí Martin Klaproth, ará Jámánì, sì sọ lórúkọ lọ́dún 1795. Bí a bá gé e ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú irin lásán, kò ní wúwo ju bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún irin náà lọ, kì í sì í dógùn-ún. Èyí tí wọ́n fi ń ṣe férémù, ìyẹn egungun kẹ̀kẹ́ tí gbogbo nǹkan yòókù so mọ́, sábà máa ń ní àlùmíníọ̀mù ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún àti vanadium ìdá 2.5 nínú, irú ọ̀pá kan náà tí epo tó ń darí ìyẹ́ ọkọ̀ òfurufú ń gbà kọjá. Merlin àti Litespeed ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó sọ irú férémù yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká láti nǹkan bí ọdún 1986. Teledyne Titan tó ti jáde ṣáájú wọn, ní àwọn ọdún 1970, jẹ́ títáníọ̀mù tí kò ní àdàlù, ó rọ̀, ó sì máa ń sán. Ẹni tó bá rí i nínú àkójọ ẹnikẹ́ni, kó rà á fún ara ògiri.

Ìwà rere irin yìí gan-an ni ewu rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra àlòkù. Raleigh onírin tí àwọn tíṣà àti àgbẹ̀ onílẹ̀ kòkó fi gun òkè Èkìtì láyé àtijọ́ kì í purọ́ ọjọ́ orí rẹ̀. Ọ̀dà rẹ̀ a bó, ìdógùn-ún a yọ nídìí ìjókòó, ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa kẹ̀kẹ́ pàápàá a sì mọ̀ pé ó ti jìyà. Ó wúwo púpọ̀, ṣùgbọ́n olóòótọ́ ni. Títáníọ̀mù, tí wọn kì í sábà kùn lọ́dà, kò ní ohun tó lè bó, bí wọ́n bá sì fi kànrìnkàn líle ha á díẹ̀, férémù ọgbọ̀n ọdún a máa kọ mànà bí èyí tó jáde lánàá.

Àwọn tó ń tà á a máa ní títáníọ̀mù kì í bàjẹ́, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó máa bí ènìyàn nínú, nítorí pé òtítọ́ inú rẹ̀ kò pé ìdajì. Kì í dógùn-ún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń sán, ojú ìjó ló sì ti sábà máa ń sán, ìyẹn ibi tí wọ́n ti fi iná jó ọ̀pá kan pọ̀ mọ́ èkejì, pàápàá jù lọ ní àyíká ìdí pẹ́dà tí agbára ẹsẹ̀ ń gbà wọlé, àti ní ọrùn tó gba ọ̀pá ìjókòó. Títáníọ̀mù tó bá gbóná janjan a máa fa ọ́síjìn àti náítírójìn inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, á sì di ohun tó ń kán láìtẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fi ń da afẹ́fẹ́ argon bo ojú ìjó nínú àti lóde títí yóò fi tutù. Ojú ìjó tó ń dán bíi fàdákà dára, èyí tó bá ní àwọ̀ aró tàbí tó funfun kò dára, ṣùgbọ́n kànrìnkàn tó sọ férémù di tuntun lè ti pa àwọ̀ náà rẹ́. Bó bá sì sán, ẹ̀rọ wẹ́dà ẹ̀bá títì tó ń jó géètì àti férémù ọ̀kadà kò lè tún un ṣe, nítorí pé kò sí argon níbẹ̀.

Ọ̀pá ìjókòó ló yẹ kí olùrà fún ní àkókò jù. Ọ̀pá yìí, tó gbé ìjókòó dúró tó sì ki ara bọ inú férémù, sábà máa ń jẹ́ àlùmíníọ̀mù, bí àlùmíníọ̀mù bá sì fara kan títáníọ̀mù, tí òógùn tàbí omi òjò wà láàárín wọn, àlùmíníọ̀mù ni yóò máa jẹrà, á hu ìyẹ̀fun funfun, á wú, á sì há mọ́ inú férémù tí nǹkan kan kò ṣe. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n gbé kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfi gíríìsì kún un wà nínú ewu yìí gan-an, débi pé èyí tí olówó rẹ̀ ń kẹ́ bí ẹyin lè burú ju èyí tí wọ́n ń gùn lójoojúmọ́ lọ. Àyẹ̀wò rẹ̀ kì í gba àkókò. Kí wọ́n lẹ téèpù mọ́ ọ̀pá náà láti sàmì sí ibi tó dúró, kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà tú bóòtù ọrùn férémù, kí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ìjókòó mú, kí wọ́n yí i sọ́tùn-ún sósì, kí wọ́n sì fà á yọ pátápátá. Ọ̀pá tó bá jáde pẹ̀lú gíríìsì dúdú lára ti tán wàhálà. Bí kò bá mì rárá, tí olùtajà sì ń sọ̀rọ̀ òòlù, kí olùrà kí i pé ó dàbọ̀.

Kẹ̀kẹ́ tó pé ní Lọ́ńdọ̀n sì lè má wúlò ní Èkìtì. Férémù eré ìje ti àwọn ọdún 1990 kì í sábà gbà ju táyà tó fẹ̀ tó mílímítà 23 tàbí 25 lọ, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìbú àtàǹpàkò lọ, tí kò sì lè bá kòtò ojú títì jà. Kí wọ́n wọn àlàfo rẹ̀ bóyá mílímítà 28 lè wọlé. Gíà eyín 39 níwájú àti 23 lẹ́yìn, tí wọ́n ṣe fún àwọn eléré ìje, yóò fi ìyà jẹ orúnkún ẹni tó bá fẹ́ fi gun òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Férémù tó sì ga ju bó ṣe yẹ fún olùrà lọ kò ní àtúnṣe.

Títí débí, òwe náà ń jàre, àmọ́ ó kù díẹ̀ káàtó. Ojú ara ẹni tó nífẹ̀ẹ́ títáníọ̀mù ti gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kó tó dé ìdí ọjà. Dídán rẹ̀, orúkọ tó wà lára ọ̀pá rẹ̀, àti ìtàn adùn-yùngbà tí bàbá tó kó wọn jọ ń sọ, kò ní í jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ìdí pẹ́dà. Àlejò lójú, kò fi ríran. Àwọn àgbà kan náà ló sì sọ pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, nítorí náà ojú olójú lè mú èrè wá, bí olójú náà bá mọ iṣẹ́, tí kò sì ní ìfẹ́ ọjà náà lọ́kàn. Àṣìṣe àwọn ọ̀dọ́ Adó ni pé wọ́n yá ojú ẹ̀gbọ́n, nígbà tó yẹ kí wọ́n san owó ojú atúnkẹ̀kẹ́ṣe, tí yóò tan iná sí gbogbo ojú ìjó, tí yóò yọ ọ̀pá ìjókòó, tí yóò sì ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ férémù kí wọ́n lè wádìí bóyá ẹrù olè ni.

Ohun kan ṣì wà tí ojú atúnkẹ̀kẹ́ṣe pàápàá lè má rí, ìyẹn ni fọ́ọ̀kì, apá méjì tó di táyà iwájú mú, tí wọ́n fi fọ́nrán kábọ̀nù ṣe lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ títáníọ̀mù. Kábọ̀nù lè ti sán nínú láìhàn lóde, bó bá sì kán lórí eré, ojú ni ẹni tó gùn ún yóò fi gbolẹ̀. Fọ́ọ̀kì kábọ̀nù tí kò ní ìwé, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ bóyá ó ti ṣubú rí, kí olùrà kà á sí ohun tí kò sí, kó yọ iye owó fọ́ọ̀kì tuntun kúrò nínú owó tí yóò san, kó sì pààrọ̀ rẹ̀ kó tó gun kẹ̀kẹ́ náà jáde.