Àwọn Obìnrin Aláró àti Ilé Ọnà tí Ó Wà ní Ìkátè

Bí ọkọ̀ bá gbéra ní Ajah, tí ó ń gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ bọ̀ wá sí Èkó Àkéte, ìlú ọgbọ́n, yóò ré Ìkọtà àti Jakande kọjá kí ó tó dé Ìkátè, ilẹ̀ Ẹlẹ́gùṣí. Níbẹ̀, ní ilẹ̀ Lẹ́kì, ni ilé ńlá kan wà tí ìpele rẹ̀ jẹ́ márùn-ún, tí ògiri inú rẹ̀ kún láti ìsàlẹ̀ dé òkè fún àwòrán, ère àti aṣọ àdìrẹ. Obìnrin kan, Olóyè Níkẹ̀ẹ́ Òkúndayé, ni ó ṣí i ní ọdún 2009. Kí a tó sọ ìtàn rẹ̀, ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di ẹni tí ayé ń wárí fún.

Bí ọkùnrin ti ni àgbẹ̀dẹ, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin ni aró ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, Ìyá Mọ̀pó sì ni òrìṣà tí wọ́n ń ké pè sí i. Wọn a já ewé ẹ̀lú, wọn a gún un lódó, wọn a ṣù ú, wọn a sì sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ. Wọn a sẹ́ omi eérú, wọn a da ẹ̀lú náà sínú rẹ̀, wọn a sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó lè kan. Aṣọ tí a bá rì sínú ìkòkò yìí, àwọ̀ ewé ni yóò kọ́kọ́ mú jáde, afẹ́fẹ́ ni yóò sì yí i padà, débi pé bí aláró bá ń rì í, tí ó ń sá a, tí ó sì tún ń rì í lákọ̀tun, aṣọ náà yóò dúdú mìnìjọ̀. Èyí tí wọ́n bá fi ìko dì kí wọ́n tó rì í ni àdìrẹ oníko. Èyí tí wọ́n bá fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ní ẹ̀kọ láfún ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ, nítorí ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní í wọ̀ ọ́. Àwọn obìnrin wọ̀nyí a máa kọ ìtàn sára aṣọ: nínú ọnà tí à ń pè ní Ìbàdàndùn ni a ti ń rí òpó Gbọ̀ngàn Màpó, ọnà Olọ́ba sì ń rántí àjọ̀dún ọba àti ayaba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1935.

Kí òǹkàwé má ṣe rò pé iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé lásán ni. Nígbà kan rí, àwọn oníṣòwò a máa ti Sẹ̀nẹ̀gàl àti Gold Coast wá ra àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, lábẹ́ Olúmọ, lọ́wọ́ àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, ọmọ Lísàbí. Nígbà tí ọjà wá dẹnu kọlẹ̀, tí àwọn kan ń dá a lẹ́bi pé aró òyìnbó àti sódà ni ó ń ba aṣọ jẹ́, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi òfin de méjèèjì. Àwọn aláró kò dákẹ́. Wọ́n gba lọ́yà, wọ́n takú, títí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní ọdún 1936, tí a sì mú òfin náà kúrò. Lójú tèmi, ìjà yìí kò gba ọlá tí ó tọ́ sí i, nítorí pé ìjà owó-orí tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣe aṣíwájú rẹ̀, èyí tí ó mú kí Aláké yìí kan náà fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ní ọdún 1949, ni gbogbo ènìyàn máa ń rántí. Àwọn aláró ti kọ́kọ́ fi hàn pé obìnrin lè kojú ààfin, kí ó sì borí.

Ní Ògìdì, ní ilẹ̀ Ìjùmú, ni a bí Níkẹ̀ẹ́ ní ọdún 1951. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó ṣì kéré, ìyá àgbà tí ó tọ́ ọ sì fi aṣọ híhun àti aró kọ́ ọ. Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ni ó ti ń jẹnu ṣámúṣámú. Wọ́n fẹ́ fi í fún ọkọ tí kò wù ú, ó sì sá kúrò nílé, ó bá àwọn eléré alárìnjó rìn, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ dé Òṣogbo Òròkí, ìlú aró, níbi tí ìtàn ti sọ pé igi tí Láróoyè àti Tìmẹ́hìn, tí wọ́n tẹ ìlú náà dó, gé wó lu odò, ó sì fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun. Ó di ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ ìyàwó Twins Seven-Seven, ayàwòrán tí òkìkí rẹ̀ kàn. Ní ọdún 1974 ó rìnrìn àjò lọ sí Amẹ́ríkà, ó rí bí a ti ń bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́, nígbà tí ó sì yá, ní ọdún 1983, ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí a ti ń kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kọ́ àwọn obìnrin tí ọkọ fi sílẹ̀ àti àwọn tí kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ó dé Ítálì pàápàá, ó fi aró kọ́ àwọn ọmọbìnrin wa tí ayé ti gbé já sí títì, ìjọba ibẹ̀ sì fi oyè dá a lọ́lá ní ọdún 2006.

Ẹ̀rọ ilẹ̀ Ṣáínà ń tẹ ayédèrú àdìrẹ jáde lónìí, wọ́n sì ń tà á ní owó pọ́ọ́kú. Ó ń dùn mí, nítorí pé oúnjẹ ni ó ń gbà lẹ́nu aláró. Ṣùgbọ́n ojúlówó àdìrẹ ṣì wà ní ilé ọnà Ìkátè, a kì í sì í gba owó ìwọlé níbẹ̀. Ìyá tí ó ń ta ẹja ní ọjà Ajah lè mú ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́ wọ ibẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi, kí ó fi ọnà Olókun tí ó wà lára àdìrẹ hàn án, kí ó sì béèrè ọjọ́ tí wọn yóò tún kọ́ àwọn ènìyàn ní aró rírẹ.