Iná Tí Ń Mú Nǹkan Tutù

Ilẹ̀ iyanrìn ni ilẹ̀ etí òkun Àgbádárìgì. Bí a bá gbé ohun wíwúwo lé e, díẹ̀díẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rì. Bí àpótí aṣọ bá fì sí apá kan, kò ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n bí fíríìjì oníkẹrosíìnì bá fì, kò ní tutù mọ́. Kí ló fà á?

Ọmọ ilẹ̀ Sweden méjì, von Platen àti Munters, ló ṣe irú fíríìjì yìí ní ọdún 1922. Kò sí ohun tí ń yí nínú rẹ̀. Iná ló ń ṣiṣẹ́.

Báwo ni iná ṣe ń mú nǹkan tutù? Bí a bá wẹ̀ tán, tí afẹ́fẹ́ òkun fẹ́ sí wa, òtútù a mú wa. Omi tó ń gbẹ lára wa ló ń kó ooru lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn kan tí à ń pè ní amóníà ń gbẹ nínú páìpù, tó sì ń kó ooru oúnjẹ lọ. Omi inú páìpù mìíràn a gbé e mì. Iná a mú omi náà hó, kí amóníà lè jáde padà sẹ́nu iṣẹ́.

Bí omi ti ń hó, ìfòòfó rẹ̀ ń tì í gòkè nínú páìpù tóóró. Láti òkè, á ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí fíríìjì bá fì, omi á dúró sójú kan. Iná ń jó, epo ń tán, ẹja ń rà.

Nínú ẹ̀rọ atutù ńláńlá, pọ́ǹpù ló ń gbé omi. Níbẹ̀, ọ̀tá ni ìfòòfó. Bí omi bá kéré lẹ́nu pọ́ǹpù, á hó níbẹ̀, ìfòòfó á máa bẹ́, á sì máa jẹ irin. A ó gbọ́ ìró bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Kí á pa á, kí á pe oníṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ti ẹja lọ. Ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú ní abúlé ló ti fi fíríìjì kẹrosíìnì pa abẹ́rẹ́ àjẹsára mọ́, kí ti agbára oòrùn tó dé. Òtútù ìwọ̀n 2 sí 8 ni abẹ́rẹ́ náà fẹ́. Bí ó bá gbóná jù, agbára rẹ̀ á lọ, ojú wa kò sì ní rí i. Ọmọ tí a gún ún fún lè kó àrùn síbẹ̀.

Ẹni tó bá ní irú fíríìjì yìí, ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ fi sìmẹ́ńtì tàbí pákó tó nípọn sábẹ́ rẹ̀.
2. Ẹ gbé àwo omi sínú rẹ̀. Bí omi bá súnmọ́ ẹnu àwo ní apá kan ju èkejì lọ, ó ti fì. Ẹ gbé apá tó rì sókè.
3. Bí òórùn líle bá ń ta yín nímú, amóníà ń jò. Májèlé ni. Ẹ pa iná, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ jáde.

Ìbéèrè
1. Kí ló ń ti omi gòkè nínú fíríìjì kékeré?
2. Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé fíríìjì ti fì?