Pòtétò, Ìyàn àti Ọgbọ́n Alájẹṣẹ́kù

 

Nínú ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí, ohun ọ̀gbìn kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í gbìn ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Pòtétò ni, tí àwọn mìíràn ń pè ní ọ̀dùnkún òyìnbó. Kì í ṣe ànàmọ́ tàbí kúkúǹdùkú tiwa ni à ń wí. Orí òkè Jos ni a ti ń gbìn ín jù ní Nàìjíríà, nítorí pé ibẹ̀ tutù. Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kan oníkòkó, ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ àti aláṣọ nínú ọ̀rọ̀ pòtétò. Ó kàn wá gan-an, nítorí pé ebi tó tẹ̀lé àrùn pòtétò ní Yúróòpù wà lára ohun tó mú kí irú ẹgbẹ́ tí a wà nínú rẹ̀ lónìí dìde.

Ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá

Àwọn òkè Andes ní Peru àti Bolivia ni pòtétò ti ṣẹ̀ wá. Ó ti tó 7,000 ọdún tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń gbìn ín, oríṣi tí wọ́n sì ní lé ní 4,000. Àwọn kan pupa, àwọn kan dúdú. Òmíràn fara da òtútù, òmíràn fara da ọ̀dá. Àgbẹ̀ ibẹ̀ máa ń gbin oríṣi púpọ̀ pọ̀ nínú oko kan, kí ó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kùnà, òmíràn á wọlé.

Wọ́n mọ ọgbọ́n ìpamọ́ pẹ̀lú. Wọ́n á tẹ́ pòtétò síta kí òtútù òru mú un dì, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ omi inú rẹ̀ jáde, wọ́n á sì sá a sí oòrùn. Chuño ni wọ́n ń pè é. Ó lè wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, gẹ́gẹ́ bí gbodo tí àwa náà ń sá kí a tó lọ̀ ọ́ ní èlùbọ́.

Ìyàn ilẹ̀ Ireland

Àwọn ará Spain ló gbé pòtétò dé Yúróòpù láàárín àwọn ọdún 1500. Ní Ireland, ó di oúnjẹ tálákà. Ilẹ̀ tí àwọn onílẹ̀ ń fún wọn dá oko kéré, ọkà àti ẹran ọ̀sìn wọn sì ń lọ sí ìṣákọ́lẹ̀. Pòtétò nìkan ló lè so tó láti bọ́ odindi ìdílé lórí ilẹ̀ kékeré bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi di 1845, nǹkan bí 3,000,000 ènìyàn nínú 8,000,000 ló gbára lé e fún oúnjẹ òòjọ́. Oríṣi kan tí a ń pè ní Lumper ló sì gbòde, nítorí pé ó ń so dáadáa lórí ilẹ̀ tí kò lọ́ràá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fiyè sí èyí. Bí a ti ń gé iṣu ní èbù náà ni a ń gé pòtétò, kí ojú lè wà lára ègé kọ̀ọ̀kan. Ohun tó bá hù lára èbù, ara kan náà ni pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Àrùn tó bá lè pa ọ̀kan, ó lè pa gbogbo rẹ̀.

Ní 1845, àrùn náà dé. Ewé dúdú, pòtétò sì ń rà nínú ilẹ̀. Ní 1846, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ run gbogbo oko. Láàárín 1845 sí 1852, nǹkan bí 1,000,000 ènìyàn ni ebi àti àìsàn pa, àwọn tó sì ṣí kúrò nílùú kò dín ní 1,000,000. Èyí tó dunni jù ni pé ọkà, ẹran àti bọ́tà ṣì ń ti Ireland lọ sí England fún títà ní àkókò náà. Oúnjẹ wà, ṣùgbọ́n tálákà kò ní owó tí yóò fi rà á. Àrùn ló pa pòtétò. Àrùn nìkan kọ́ ló pa ènìyàn.

Ìdánwò tó tú àṣírí àrùn

Àwọn kan ní ìjìyà Ọlọ́run ni, àwọn kan ní òjò àpọ̀jù ni. Ní 1846, àlùfáà kan ní England, M. J. Berkeley, sọ pé ohun alààyè kékeré kan ni, tó dàbí ohun funfun tí ń hù lára búrẹ́dì tó bu. Ọ̀pọ̀ kò gbà á gbọ́.

Ní 1861, Anton de Bary, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, fi ìdánwò yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ó mú pòtétò tí ara wọn le, ó fi eruku tí àrùn náà fi ń bí sí i sára àwọn kan, kò fi sára àwọn yòókù. Àwọn tó fi sí lára ṣàìsàn. Àwọn yòókù kò ṣe nǹkan kan.

Ẹ lè ṣe irú rẹ̀ nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ẹ gé pòtétò tàbí iṣu sí ègé méjì tó dọ́gba. Ẹ fi ọ̀kan sínú omi lásán, ẹ fi èkejì sínú omi tí ẹ po iyọ̀ púpọ̀ sí. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, ti inú omi lásán á le, ti inú omi iyọ̀ á rọ̀, nítorí pé iyọ̀ ti fa omi inú rẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni ajílẹ̀ òyìnbó tí a bá dà jù sí ìdí àgbàdo ṣe ń fa omi kúrò lára gbòǹgbò, tí ewé á fi dàbí èyí tí iná rà.

Nínú ìdánwò méjèèjì, ohun gbogbo dọ́gba àfi ohun kan ṣoṣo. Bí a bá yí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà, a kò ní mọ èyí tó fà á.

Búrẹ́dì ìlú Weyerbusch

Ebi ọdún 1846 kò mọ sí Ireland. Ní Jámánì pẹ̀lú, pòtétò àti ọkà kùnà. Friedrich Wilhelm Raiffeisen ni olórí ìlú kékeré Weyerbusch nígbà náà. Ìjọba fi ìyẹ̀fun ránṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní owó lọ́wọ́ ni kí a fi tà á. Raiffeisen fún àwọn aláìní ní àwìn. Ó kó àwọn olówó ìlú jọ, wọ́n dá owó, wọ́n kọ́ ilé ìṣebúrẹ́dì, wọ́n sì ń tà á ní owó pọ́ọ́kú.

Nígbà tó yá, ó rí i pé àánú olówó kì í tọ́jọ́. Ní 1864, ní Heddesdorf, ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ń fi owó pamọ́ sí, tí wọ́n ń yá ara wọn lówó, tí gbogbo wọn sì jọ ń ṣe onídùúró. Ọgbọ́n yìí dé India, wọ́n sì ṣe òfin rẹ̀ níbẹ̀ ní 1904. C. F. Strickland, tó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ní India, ló kọ ìwé àbọ̀ ti Nàìjíríà ní 1934. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa sì jáde ní 1935. Àwọn baba wa ti ń dá èsúsú, wọ́n sì ti ń ṣe àáró kí Strickland tó dé. Ohun tí òfin mú wá ni ìforúkọsílẹ̀ àti àyẹ̀wò ìwé owó.

Ohun tí a rí kọ́

Èkíní, igi ẹ̀gẹ́, èbù iṣu àti ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni àwa náà ń gbìn. Ewu kan náà ló wà níbẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àrùn mosaic bẹ̀rẹ̀ sí í run oko ẹ̀gẹ́ ní Uganda. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ra igi ẹ̀gẹ́ fún ọmọ ẹgbẹ́, kí ó má ṣe jẹ́ oríṣi kan ṣoṣo.

Èkejì, bí wọ́n bá gbé irúgbìn tàbí ajílẹ̀ tuntun wá, ẹ kọ́kọ́ dán an wò lórí ebè díẹ̀, kí ti àtijọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹgbẹ́ tó ná owó lé e.

Ẹ̀kẹta, orúkọ wa ni pé kí a jẹ, kí ó sì ṣẹ́kù. Owó àpamọ́ ẹgbẹ́ ni ti ọjọ́ tí oko bá kùnà. Ẹ má jẹ́ kí a pín in tán ní òpin ọdún.

Ìbéèrè fún ìpàdé

1. Oríṣi ẹ̀gẹ́ tàbí iṣu mélòó ló wà lóko àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa?
2. Kí ni a fẹ́ dán wò ní àkókò òjò tó ń bọ̀, oko ta ni a ó sì lò?
3. Bí oko gbogbo wa bá kùnà lọ́dún kan, oṣù mélòó ni owó àpamọ́ ẹgbẹ́ lè gbé wa?

Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí ó sì kà á ní ìpàdé tó tẹ̀lé e.